Omi Tútù Ló Ni Ẹja: Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ àti Ẹja Trout ní Odò Beaverkill ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìrúwé

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe, èyí tí í ṣe oṣù kẹrin, ni àwọn apẹja ìpínlẹ̀ New York ń kà sí ọjọ́ ọdún wọn. Ọjọ́ náà ni àsìkò pípa ẹja trout nínú odò máa ń ṣí. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Roscoe, láàárín òkè Catskill, níbi tí a lè fi ọkọ̀ dé láti ìlú New York láàárín wákàtí méjì àti díẹ̀, odò méjì pàdé: Beaverkill àti Willowemoc. Ibi ìpàdé wọn ni a ń pè ní Junction Pool. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán, ènìyàn yóò ti yí ibú náà ká. Wọn yóò wọ ṣòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà. Òjò dídì yóò ṣì wà lábẹ́ igi, omi yóò sì máa di yìnyín sí ẹnu àwọn òrùka kéékèèké tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá ìpẹja wọn. Wọn a ju ìwọ̀, wọn a fà á padà, wọn a tún un jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí nǹkan kan mú.

Láti ọdún 2021 ni òfin ti gba ènìyàn láàyè láti máa fi ìdẹ àtọwọ́dá pẹja nínú àwọn odò náà jálẹ̀ ìgbà òtútù, bí ó bá ti lè dá ẹja tí ó mú padà sínú omi. Síbẹ̀, iyì ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe kò tíì wọmi. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ìdí tí ọwọ́ fi ń ṣófo ní ọjọ́ náà, àti ohun tí ó ń yí padà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹja kan náà yóò fi máa yọ sí ojú omi lọ́sàn-án gangan láti wá gbé ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ àkùkọ wé. Ọgbọ́n ọwọ́ apẹja kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Bí omi ti tutù tó ni ìdáhùn.

Kí a tó wọ odò, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà nípa orúkọ. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé Beaverkill ní í ṣe pẹ̀lú pípa ẹranko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kill ni orúkọ tí àwọn ará Holland tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè náà láyé àtijọ́ fi ń pe odò kékeré. Orúkọ kejì tí ó lè ṣi ni lọ́nà ni ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fly fishing. Bí a bá tú u sí fífi eṣinṣin pẹja, a ti kó òǹkàwé sínú ìṣòro, nítorí pé eṣinṣin lédè Yorùbá ni èyí tí ń bà lé oúnjẹ àti egbò. Kò sí eṣinṣin kankan nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbòòrò ju tiwa lọ: ó kó oríṣiríṣi kòkòrò abìyẹ́ mọ́ra, ó sì tún jẹ́ orúkọ ìwọ̀ tí a ṣe ní àfijọ wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́. Ìyẹ́ ni ojú ń kọ́kọ́ rí lára rẹ̀.

Ìwọ̀ kékeré ni, òmíràn kò tó èékánná ìka ọwọ́. A ó fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, a ó so ìyẹ́ àti irun ẹranko mọ́ ọn títí yóò fi jọ kòkòrò tí ẹja mọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìdẹ tí a mọ̀ pọ̀. Ekòló ní òórùn, ó ní ẹran. Ẹja tí ó bá gbé e yóò fẹ́ gbé e mì. Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ kò ní adùn kankan. Àwòrán oúnjẹ ni. Bí ẹja bá fi ẹnu kàn án, kíá ni yóò mọ̀ pé wọ́n ti tan òun, yóò sì tu ú dànù. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà láàárín gbígbé àti títu dànù ni apẹja ní láti fi mú ẹja náà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù tí ó gbé ayé ní nǹkan bíi ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ti kọ nípa àwọn ará Makedóníà tí wọ́n ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ wé ìwọ̀ láti fi tan ẹja onítótòtó nínú odò wọn. Ní ọdún 1496, ìwé kan jáde ní England tí ó to irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ méjìlá lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ oṣù tí a ó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé oṣù ni wọ́n fi pín in. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà pé ẹja kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan ohun tí ó wù ú. Ohun tí àsìkò bá gbé wá ni ó ń jẹ.

Ẹja tí ara rẹ̀ kò ní iná tirẹ̀

Bí omi bá ti rí ni ara ẹja trout ń rí. Ènìyàn a máa gbé ooru ara rẹ̀ kiri, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń pa wá nínú òtútù ju ti ìgbà ooru lọ. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá wà ní dígírì 3 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀jẹ̀ ẹja náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oúnjẹ inú rẹ̀ kò tètè dà, ẹran ara rẹ̀ kò sì lè ṣe wàdùwàdù. Kò sùn, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí ibi tí ó wà. Yóò wá ibú tí omi ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá òkúta, yóò sì dúró níbẹ̀. Oúnjẹ tí ó bá kọjá ní iwájú ẹnu rẹ̀ gan-an, ó lè la ẹnu gbà á. Èyí tí ó bá gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n apá kan, ó di ti ẹlòmíràn.

Ìdí tí ẹja yìí kò fi sí nínú odò Ògùn tàbí Ọ̀ṣun náà nìyí. Omi tí ó bá gbóná dé dígírì 25 ti di ewu ikú fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni irú omi bẹ́ẹ̀ jẹ́ omi ojoojúmọ́ ní ilé wa. Kì í ṣe ìgbóná nìkan ló fà á. Omi tútù a máa gba afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ: lítà omi kan ní dígírì 0 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 14.6, ṣùgbọ́n ní dígírì 20 kò lè gba ju nǹkan bíi 9.1 lọ. Bí omi bá ti ń gbóná sí i ni ara ẹja ń béèrè afẹ́fẹ́ sí i, ìgbà náà gan-an sì ni omi kò ní í láti fún un.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Beaverkill, mo ṣe bí ọmọ tí a tọ́ sí etí odò. Níbi tí mo ti kọ́ bí a ti ń dẹ ìgèrè nílé, ẹni tí ó bá jí lẹ́yìn oòrùn ti pàdánù. Mo dé etí omi ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Títí di ọ̀sán, n kò rí nǹkan kan àfi ọwọ́ tí kò lè di bọ́tìnnì mọ́. Lẹ́yìn agogo méjìlá ni bàbá àgbàlagbà kan wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ó wá fi okùn so tẹmómítà kan sínú omi, ó wò ó, ó mi orí, ó sì padà lọ jókòó. Ní bí agogo méjì ó tún un wò. Oòrùn ti gbé omi náà láti dígírì 41 Fahrenheit sí 46. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ to ọ̀pá rẹ̀ pọ̀, ó wọ ìsàlẹ̀ ibú kan tí mo ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì mú ẹja méjì kí wákàtí kan tó pé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó bá mi sọ: ó ní n kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ ẹja mọ́ kí n tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìrírí yìí ló kọ́ mi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni omi máa ń tutù jù, ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán ni ó máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ jù. Ṣùgbọ́n oòrùn tí ó bá mú gan-an lè ba nǹkan jẹ́, ohun tí ó sì ya àlejò lẹ́nu jù nìyẹn. Bí òjò dídì bá ṣì pọ̀ lórí òkè, ọjọ́ tí ó bá móoru yóò yọ́ ọ, omi rẹ̀ yóò ṣàn wọ odò, odò yóò kún, yóò sì tutù ju ti àná lọ. Ọjọ́ tí ara ènìyàn yá lè jẹ́ ọjọ́ tí ara ẹja kò yá rárá.

Àwọn kòkòrò tí omi ń bí

Oúnjẹ ẹja trout ní àsìkò yìí wà lábẹ́ òkúta. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kòkòrò tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mayfly, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pe ìdílé rẹ̀ ní Ephemeroptera, orúkọ tí a fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó ń tọ́ka sí ohun tí kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ní tòótọ́, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ omi gẹ́gẹ́ bí ọmọ kòkòrò tí kò ní ìyẹ́, tí ó ń rá kiri lórí òkúta, tí ó ń jẹ ewé jíjẹrà àti ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ lára òkúta. Ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni ti ojú afẹ́fẹ́. Yóò gòkè omi, yóò bọ́ awọ, yóò na ìyẹ́, yóò fò lọ sórí igi. Níbẹ̀ ni yóò ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó gùn. Kò sí kòkòrò mìíràn tí ó ṣì wà láàyè lónìí tí ń bọ́ awọ lẹ́yìn tí ó ti ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò. Kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹun ní ìpele yìí. Yóò gùn, yóò yé ẹyin sínú odò, yóò sì kú.

Òǹkàwé tí ó bá dàgbà ní ilé yóò rántí ikán abìyẹ́ tí í tú jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí ọmọdé ń kó nínú abọ́ omi lábẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ náà jọra gidigidi: ohun tí ó ti fara pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹyẹ, adìyẹ àti ọmọ ènìyàn yóò sì mọ̀ pé oúnjẹ dé. Òjò ló ń pe ti ilé jáde. Ní Catskill, ìwọ̀n ìgbóná omi ni òjò tiwọn. Bí omi bá ti ń sún mọ́ dígírì 50 Fahrenheit, èyí tí í ṣe 10 Celsius, tí ó sì ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a lè máa retí wọn.

Kí wọ́n tó dé, àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stonefly ti ń rìn lórí òjò dídì láti oṣù kejì. Ẹja a máa jẹ wọ́n díẹ̀. Ní àárín oṣù Igbe ni Epeorus pleuralis ń jáde, kòkòrò aláwọ̀ eérú tí ó fẹ́ràn omi tí ń ru lórí òkúta. Tirẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ omi ni ó ti ń bọ́ awọ, tí yóò sì gòkè pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀ tí ó ti rọ̀ nínú omi. Paraleptophlebia adoptiva, tí ó kéré jù ú lọ, ń bá a rìn. Ní ìparí oṣù Igbe títí wọ oṣù Èbìbí ni Ephemerella subvaria wá ń jáde, ní bí agogo méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ní iye tí ó lè bo ojú omi. Bí ó bá di òtútù ojijì, yóò dúró pẹ́ lórí omi kí ìyẹ́ rẹ̀ tó gbẹ, ẹja yóò sì jẹ àjẹyó. Apẹja tí ó mọ iṣẹ́ fẹ́ràn ọ̀sán oníkùukùu tí ó tutù díẹ̀ ju ọjọ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run mímọ́ lọ.

Bí okùn ṣe ń gbé ìwọ̀

Ẹni tí ó fi òkúta so okùn tí ó sì jù ú mọ̀ pé òkúta ló ń gbé okùn lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, okùn ló ń gbé ìwọ̀, nítorí pé ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè jù ú kọjá ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Okùn náà nípọn, ó sì wúwo. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò fún trout, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 5, ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 9. Ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 ni a fi ń fì í, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti ń na pàṣán lójú afẹ́fẹ́. Ọparun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ lónìí jẹ́ ti okùn kábọ́ọ̀nù. A ó fì í sẹ́yìn, a ó dúró títí okùn yóò fi nà tán lẹ́yìn wa, kí a tó fì í síwájú. Ìdúró yẹn ni ó ń ṣòro fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ wà níwájú, ọkàn rẹ̀ ń sáré, okùn rẹ̀ a sì wó lé e lórí. Láàárín okùn ńlá yìí àti ìwọ̀ ni okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan wà tí ẹja kò fi ní tètè fura.

Jíjù rẹ̀ kọ́ ni ó le jù. Ìṣòro ńlá ni pé omi odò kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà. Àárín odò a máa sáré, etí rẹ̀ a máa rọra lọ, ẹ̀yìn òkúta a sì máa yí po. Bí okùn bá bà lé ibi tí ó ń sáré, tí ìwọ̀ sì wà ní ibi tí ó ń rọra lọ, okùn yóò wọ́ ìwọ̀, ìwọ̀ náà yóò sì máa fa ìlà lójú omi bí ọkọ̀ ojú omi. Kòkòrò gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bá omi lọ ni. Ẹja tí ó ti ń bọ̀ yóò ṣẹ́rí padà. Nítorí náà, apẹja a máa fi orí ọ̀pá gbé okùn rẹ̀, a sì yí i sí ìhà òkè odò, kí ìwọ̀ lè rí ààyè rìn lómìnira fún ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Nínú ìrírí tèmi, àṣìṣe yìí ni ó ń pàdánù ẹja fún ni ju ti àwọ̀ ìyẹ́ tí kò bá ti kòkòrò mu lọ. Àwọn tí ń ta ìwọ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Kí omi tó dé dígírì 10, ìwọ̀ ojú omi kò wúlò púpọ̀. Èyí tí a ṣe ní àfijọ ọmọ kòkòrò abẹ́ omi ni a ń lò, tí a so ìlẹ̀kẹ̀ irin kékeré tí ó wúwo mọ́ lórí kí ó lè tètè rì. Ó ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan òkúta ìsàlẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ ń rọra rìn ju omi òkè lọ, nítorí náà ìwọ̀ tí ó bá ń rìn bá ojú omi dọ́gba ti ń sáré jù fún ẹja tí kò fẹ́ gbéra. Gbígbé tí ẹja ń gbé e kò le rárá: okùn yóò kàn dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó kọ́ ewé. Ẹni tí ó bá ń retí kí wọ́n fa òun lọ́wọ́ yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Wíwọ odò náà kì í ṣe eré. Omi tí ó mú ẹja dúró sójú kan lè pa ènìyàn. Mo ti ṣubú nínú rẹ̀ rí, ní ibi tí kò ju ìtan lọ. Èémí mi gé, mo fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde. Nígbà tí mo fi dé èbúté, n kò lè fi ìka mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni èémí ń sá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọwọ́ kì í gbọ́ ti ẹni mọ́, kí òtútù tó wọ inú egungun rárá. Ìgbànú tí ó fún mọ́ ṣòkòtò rọ́bà níta kò jẹ́ kí omi tètè kún inú rẹ̀. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ sì dára ju ìgboyà lọ.

Gordon àti ilé tí ó wà lábẹ́ omi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Theodore Gordon rí lẹ́tà gbà láti ọ̀dọ̀ Frederic Halford ní England, pẹ̀lú àpẹẹrẹ àwọn ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ tí ń léfòó lójú omi. Halford ni ó ti ṣe ìwé jáde lórí wọn ní 1886. Odò Halford ń ti inú ilẹ̀ ẹfun jáde ní gúúsù England. Ó mọ́, ó sì ń rọra ṣàn. Ti Catskill ń já láti orí òkè, ó ń ru, ó sì ń hó. Ìwọ̀ Halford yóò léfòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì rì. Kòkòrò tí wọ́n jọ náà kò sí ní Amẹ́ríkà.

Gordon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ó wá ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí ó le, tí yóò dúró lójú omi bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Ó fi ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó ṣe apá rẹ̀ lóòró. Fún ara rẹ̀, ó mú ìyẹ́ ọ̀kín, ó bó fọ́nrán rẹ̀ kúrò, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kù wé ìwọ̀, ìlà dúdú àti funfun sì hàn lára rẹ̀ bí ti ikùn Epeorus. Ìwọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Quill Gordon títí di òní. Ó kú ní 1915. Ikọ́ ife ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Roy Steenrod tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi irun ikùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe àwòrán Ephemerella subvaria, ó sì fi orúkọ oníbàárà rẹ̀ kan, Hendrickson, sọ ọ́. Láti ara ìwọ̀ yẹn ni kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ti gba orúkọ tí àwọn apẹja ń pè é lónìí.

Odò Neversink ni Gordon gbé lẹ́bàá rẹ̀. A kò lè lọ wo ibẹ̀ mọ́. Ìlú New York sé odò náà, ó sì di adágún omi mímu ní àwọn ọdún 1950. Apá odò tí ó máa ń pẹja nínú rẹ̀ ti wà lábẹ́ adágún náà. Nínú omi mẹ́wàá tí ìlú New York ń mu, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ń wá láti Catskill àti apá òkè odò Delaware. Ọmọ Yorùbá tí ó ṣí ẹ̀rọ omi ní Bronx láti fi po ẹ̀bà lè máa fi omi Gordon po ó.

Ẹja náà dà?

Ní Bronx yìí kan náà ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tí n kò tíì rí ìdáhùn sí tán. Mo ti ọ̀nà odò dé, Màmá ní, “Ẹ káàbọ̀, apẹja. Ẹja náà dà?” Mo ní, “Mo mú mẹ́ta, Màmá, ṣùgbọ́n mo ti dá wọn padà.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. “O dá wọn padà síbo?” “Sínú odò, mà.” “Wọ́n ṣẹ̀ ọ́ ni?”

Láti àwọn ọdún 1960 ni apá kan Beaverkill ti wà lábẹ́ òfin pé a kò gbọdọ̀ pa ẹja níbẹ̀. Apẹja tí ó bá bìkítà a máa fi ẹnu ìdẹ́mú tẹ eyín kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè tètè yọ, a fi omi pa ọwọ́ kí ó má baà bó èjìn ara ẹja, kò sì ní gbé e jáde nínú omi ju bí ó ti yẹ lọ. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í pa ẹja odò, nítorí pé ẹja Ọ̀ṣun ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ń fi ìwọ̀ kọ́ wọn lẹ́nu níbẹ̀ kó tó fi wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè Màmá tọ̀nà. Mo mọ̀ pé bí gbogbo wa bá ń gbé ẹja lọ sílé, odò tí ó sún mọ́ ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ ṣófo. Mo tún mọ̀ pé ìdárayá tèmi ni ẹja náà ń jìyà fún. Ohun méjèèjì jẹ́ òtítọ́.

Ohun tí kò ní iyèméjì nínú ni pé omi gbígbóná ń pa trout ju apẹja lọ. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ awọ bó èèpo igi hemlock ní Catskill láti fi ṣe awọ, wọ́n sì gé igi náà lulẹ̀ jákèjádò àfonífojì. Òjìji kúrò lórí odò. Trout ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní brook trout, sá lọ sí orísun omi lórí òkè. Àyè tí ó fi sílẹ̀ ni brown trout ti ilẹ̀ Europe wá gbà, nítorí pé ó lè fara da ooru díẹ̀ sí i. Ní 1883 ni ẹyin rẹ̀ dé New York láti Jámánì, tí Baron von Behr fi ránṣẹ́ sí Fred Mather ní Cold Spring Harbor. Lónìí, kòkòrò kékeré kan tí ó wá láti Japan, tí ń bo ẹ̀ka igi bí òwú funfun, ti ń pa hemlock tí ó hù padà.

Beaverkill kò ní adágún kankan tí ń tú omi tútù sínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù keje bá dé, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa gbóná kọjá dígírì 68 Fahrenheit, apẹja tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò sì ká okùn rẹ̀, nítorí pé ẹja tí a bá fà mọ́ra nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí a bá ti dá a padà. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ń wakọ̀ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn Delaware, nísàlẹ̀ adágún Cannonsville, níbi tí omi tí a tú láti ìsàlẹ̀ adágún náà tutù tó láti fi dá igò ọtí padà sípò. Tẹmómítà tí mo rà ní ọjọ́ kejì tí mo rí bàbá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Okùn rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì.